Ẹ bá wa ya kírípítò sọ́tọ̀ kúrò lára sọgúndogójì

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Àsàlámù àléékùn, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìròyìn. Ìlọrin ni mo ti ń kọ̀wé yìí, bàtà àti báàgì ni mò ń tà ní Ọjà Tuntun, ìwé ìròyìn yín sì wà lára ohun tí mo máa ń kà ní ṣọ́ọ̀bù tí ọjà ò bá yá. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà ni pé gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ kírípítò, ìyẹn owó orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi Bitcoin, bá ti jáde nínú ìwé ìròyìn, yálà tiyín ni o tàbí ti àwọn yòókù, owó èèyàn ló há, ẹnì kan ló sá lọ, ẹkún ló máa ń gbẹ̀yìn ẹ̀. Mi ò sọ pé irọ́ ni. Owó há lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sunkún yẹn, ìgbà tí owó wọn fi há, kò sí kírípítò kankan lọ́wọ́ wọn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, torí ibẹ̀ yẹn gan-an ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ kọ́ nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀, a ò sì rẹ́ni máa sọ ọ́ fún wa.

Ẹ wo ti CBEX, ilé iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, lọ́dún 2025. Wọ́n ní kéèyàn kó owó sílẹ̀, pé tó bá fi máa tó oṣù kan owó ọ̀hún á ti di ìlọ́po méjì, pé kọ̀ǹpútà kan tó gbọ́n ju èèyàn lọ ló ń bá wọn ra tó ń bá wọn tà. Nígbà tó di April, kò sẹ́ni tó rí owó gbà jáde mọ́, wọ́n tún wá ní kí àwọn tí owó wọn há yẹn lọ san 100 dọ́là sí i, kí àwọn tí tiwọn pọ̀ san 200, kí wọ́n tó lè ṣí i fún wọn. N'Íbàdàn àwọn èèyàn ya wọ ọ́fíìsì wọn, wọ́n kó àga, wọ́n kó gbogbo ẹrù tó wà níbẹ̀ lọ. Àjọ SEC tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìdókòwò ní àwọn ò fún wọn níwèé àṣẹ rárá. Ó dáa, kí làwọn èèyàn fi wọlé síbẹ̀? USDT, kọ́ìnì tí wọ́n ní ẹyọ 1 jẹ́ dọ́là 1, ni ọ̀pọ̀ wọn rà tí wọ́n fi ránṣẹ́, kírípítò gidi sì ni USDT. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe fi ránṣẹ́ báyìí, ó ti kúrò lọ́wọ́ wọn nìyẹn, ohun tó kù tí wọ́n ń wò láràárọ̀ tínú wọn ń dùn ni fígọ̀ tí ẹlòmíì kọ sójú fóònù wọn, ẹni tó sì kọ fígọ̀ yẹn, ohun tó bá wù ú ló lè kọ síbẹ̀. Kí CBEX tó dé la ti rí MMM, náírà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń san síyẹn, èrè 30 nínú 100 lóṣù ni wọ́n ṣèlérí, ní December 2016 tí gbogbo èèyàn ń múra ọdún ni wọ́n ti gbogbo ẹ̀ pa. Sọgúndogójì ti wà nígboro tipẹ́, orúkọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dún ló máa ń jẹ́.

Torí náà ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n máa kọ́kọ́ kọ́ èèyàn ò ju ìbéèrè kan lọ: ọwọ́ ta ló wà? Tí mo bá sanwó tán, ọwọ́ ta ni nǹkan tí mo rà wà, ta ló lè gbé e láìbi mí? Àwọn tó ń pe ara wọn ní kóòṣì, ìyẹn olùkọ́ kírípítò, kì í bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ṣáàtì, àwòrán bí iye owó ṣe ń lọ sókè sódò, ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé sí yín lójú, ìlà pupa ìlà àwọ̀ ewé, wọ́n á ní ẹ wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ wo ibi tó dé, ẹni tí ò mọ̀wé kọ̀ǹpútà á wá máa rò pé òun nìkan ni kò yé, á sanwó kíláàsì.

Èmi náà ò mọ kọ̀ǹpútà o. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà dé, ìṣirò ò sì fi bẹ́ẹ̀ bá mi lára mu. Ohun tó jẹ́ kí n kọ́ ọ ni pé àwọn tó ń bá wa kó ọjà láti Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í ní USDT làwọn fẹ́ gbà, torí dọ́là báńkì ò rọrùn rí, kí owó sì tó dé ọ̀dọ̀ oníbàtà lọ́hùn-ún ìgbà míì ó lè pẹ́ títí. Ọmọ àbúrò mi tó wà ní Yunifásítì Ìlọrin ló jókòó tì mí. Ó kọ́kọ́ fi Bitcoin bẹ̀rẹ̀, kírípítò tó ti wà ṣáájú USDT. Mo bi í pé ta ló ni í, ìbéèrè ọlọ́jà nìyẹn, ó ní Mọ́mì kò sẹ́ni tó ni í, mo ní irọ́ ni. Ó wá fi àjọ ṣàlàyé fún mi. Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa alájọ ló ń mú ìwé dání, òun ló ń sàmì, tó bá sá lọ ìwé bá a lọ. Ti Bitcoin, bí ìgbà tí gbogbo àwọn tó ń dá àjọ bá ní ìwé kan náà lọ́wọ́ ni, bí Lágbájá bá san nǹkan fún Tàmẹ̀dò gbogbo ìwé ló máa kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tó bá lọ yí fígọ̀ padà nínú tiẹ̀, ti àwọn yòókù ò ní bá a mu, wọn ò sì ní gbà á. Àwọn kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ló ní ìwé yìí, bíi ìṣẹ́jú 10 síra wọn ni ojú ewé tuntun máa ń wọ inú ẹ̀. Ẹni tó dá a sílẹ̀ pe ara ẹ̀ ní Satoshi Nakamoto, 31 October 2008 ló fi àlàyé ẹ̀ síta, January 2009 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, títí dòní a ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni, bóyá obìnrin ni, bóyá wọ́n tiẹ̀ pọ̀. Ìyẹn kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù, báwo la ṣe máa kówó lé nǹkan tá ò mọ bàbá ẹ̀. Ọmọ yẹn ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ló lè ṣí ìwé ọ̀hún wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti pé Satoshi fúnra ẹ̀ ò lè fọwọ́ kan owó ẹlòmíì níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbà pé ó yé mi.

Nǹkan míì tí wọn kì í sọ fún aráàlú ni pé kò pọndandan kéèyàn ra odidi Bitcoin. Mo gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ ọ́ lọ́jà nígbà tó gun orí 100,000 dọ́là pé níbo la ti fẹ́ rí i. Bitcoin 1 ṣeé pín sí ọ̀nà 100,000,000, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní satoshi, ẹni tó bá fẹ́ ra ti ẹgbẹ̀rún náírà péré, ó wà. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ò sì ní ju mílíọ̀nù 21 lọ láéláé, àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ìwé yẹn ló ń gba tuntun gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́, ó sì máa ń fi ìdajì dínkù bí ọdún mẹ́rin mẹ́rin, láti April 2024 ó ti di 3.125 lórí ojú ewé kan.

Iye tó ń lọ ńkọ́? Olóòtú, ibí ni kẹ́ ẹ bá wa tẹ̀ mọ́ àwọn èèyàn létí dáadáa. Ní November 2021 Bitcoin 1 súnmọ́ 69,000 dọ́là, nígbà tó fi máa di November 2022 ó ti já wálẹ̀ sí bíi 16,000, ní December 2024 ó wá gun orí 100,000. Ẹ jẹ́ ká ní bàbá kan fi owó ilé rẹ̀ rà á ní 2021, tí lánlọ́ọ̀dù wá kanlẹ̀kùn ní 2022, kí ló fẹ́ sọ fún un? Pé kó dúró dé 2024? Owó tí èèyàn bá máa fi san sùkúùfíì, owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, owó ọjà tó jẹ́ ti oníbàárà, kò gbọ́dọ̀ débẹ̀, kò sì sí ẹ̀dá tó mọ iye tó máa jẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, kóòṣì tó bá lóun mọ̀ ọ́n ń parọ́ fún yín.

USDT tí mo ń sọ yàtọ̀ díẹ̀. Ilé iṣẹ́ Tether ló ń ṣe é, láti 2014, wọ́n ní ẹyọ 1 jẹ́ dọ́là 1 torí pé àwọn ní dọ́là àti ìwé gbèsè ìjọba Amẹ́ríkà tó dúró fún un. Ẹ ò rí i pé òun ní bàbá? Ilé iṣẹ́ ni, ẹ fọkàn tán ilé iṣẹ́ yẹn nìyẹn. Òmíràn wà tí wọ́n ń pè ní UST, òun náà ní dọ́là 1 lòun, ṣùgbọ́n kò sí dọ́là kankan lẹ́yìn ẹ̀, kọ́ìnì míì tó ń jẹ́ Luna ló fara tì, ní May 2022 láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn méjèèjì wó lulẹ̀. Torí náà tí wọ́n bá ní nǹkan kan dúró ṣinṣin, ẹ bi wọ́n pé kí ló dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọwọ́ ta ló wà. Kọ́ìnì lè wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rà tí wọ́n ti ń tà, ìyẹn rọrùn, ṣùgbọ́n àwọn ló ń mú un dání fún yín. FTX, irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kan, tóbi gan-an, ìpolówó wọn kárí ayé, ní November 2022 ó wó, owó oníbàárà ni wọ́n ti ń fi ṣe nǹkan míì, ọ̀gá wọn Sam Bankman-Fried gba ẹ̀wọ̀n ọdún 25 ní March 2024. Tàbí kó wà lọ́wọ́ yín fúnra yín, nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àpamọ́wọ́ orí fóònù, tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yìí ni wọ́n ń kọ bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì 12 tàbí 24, inú ọ̀rọ̀ 2,048 ni wọ́n ti ń ṣà á. Ìyá tí ò mọ Gẹ̀ẹ́sì kà dáadáa ò gbọdọ̀ tìtorí ìyẹn bẹ̀rù, torí wọ́n ṣètò ẹ̀ débi pé lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ò bá ti òmíràn mu, tí ẹ bá ti kọ lẹ́tà mẹ́rin yẹn bó ṣe wà, tí ẹ tò ó bí wọ́n ṣe tò ó, ó ti tó. Bébà ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, ẹ kọ ọ́ sí méjì, ẹ fi pamọ́ sí ibi méjì, ẹ má yà á ní fọ́tò, ẹ má fi í sórí WhatsApp. Tó bá sọnù, kò sí ọ́fíìsì kankan ní òpópónà Táíwò tẹ́ ẹ máa lọ tò sí láti ní mo gbàgbé páswọ́ọ̀dù mi. Tí ẹlòmíì bá sì rí i, ó ti di tiẹ̀. Obìnrin kan nílà tiwa, ó bèèrè nǹkan nínú gúrúùpù Telegram, kó tó pẹ́ ẹnì kan ti kọ̀wé sí i pé àwọn ni kọ́sítọ́mà kíà, kó fi ọ̀rọ̀ 12 yẹn ránṣẹ́ káwọn bá a tún un ṣe. Gbogbo ẹ̀ ló lọ lọ́jọ́ yẹn. Obìnrin yìí gbọ́n o, ó ń ṣòwò kí n tó dé ọjà, ṣé ẹnì kan sọ fún un ṣáájú pé kò sí ẹni rere tó máa ń bèèrè ọ̀rọ̀ yẹn ni? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un. Ìdí tí mo fi ń bínú nìyẹn.

Tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ wo ọ̀nà tó máa gbà. USDT wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì púpọ̀, ti Tron, àdírẹ́sì ẹ̀ máa ń fi T bẹ̀rẹ̀, ti Ethereum máa ń fi 0x bẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ gba ọ̀nà tí ẹni tó fẹ́ gbà á ò lò, ó lè sọnù sáàárín ọ̀nà, kò sì sí báńkì tó máa dá a padà. Ẹ fi kékeré ṣáájú, ẹ pè é lórí fóònù pé ṣé ó ti rí i, kẹ́ ẹ tó fi ìyókù ránṣẹ́. Owó ránṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì dùn ún san ju kí gbogbo ẹ̀ lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ tà á padà sí náírà, ọ̀pọ̀ èèyàn níbí ló ń tà á fún ara wọn, P2P ni wọ́n ń pè é, áàpù yẹn á di kọ́ìnì mú sílẹ̀ títí tí ẹni tó rà á á fi sanwó, tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ tà á á sì tú u sílẹ̀. Àwọn olè ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Wọ́n á fi screenshot ránṣẹ́, wọ́n á fi féèkì àlẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, wọ́n á ní ẹ tètè tú u sílẹ̀ àwọn ń lọ sílé ìwòsàn. Ẹ ṣí áàpù báńkì yín fúnra yín, ẹ wo báláǹsì, ẹ wo orúkọ ẹni tó sanwó, tí orúkọ yẹn ò bá bá ti ẹni tẹ́ ẹ jọ ń dúnàádúrà mu, ẹ má tú nǹkan kan sílẹ̀, torí ó lè jẹ́ owó tí ọmọ yàhúù jí ni, tí ẹni tó ni í bá pariwo, àkáǹtì yín ni báńkì máa tì pa, ẹ̀yin lẹ máa máa rìn lọ rìn bọ̀ láti ṣàlàyé.

Ti àwọn ọmọ tó ń tẹ fóònù tap-tap-tap ní àdúgbò Tanke ní 2024 torí kọ́ìnì ọ̀fẹ́, mi ò ní sọ púpọ̀. Notcoin, eré orí Telegram kan, san nǹkan fún àwọn kan ní May ọdún yẹn, ìyẹn ló jẹ́ kí gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Hamster, irú eré bẹ́ẹ̀ míì, nígbà tó di September tí wọ́n pín in, owó dátà táwọn míì ti jó ju ohun tí wọ́n rí lọ. Kí wọ́n ṣáà mọ̀ pé fóònù títẹ̀ yẹn ò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú bí Bitcoin ṣe ń jáde.

Lórí òfin, ọ̀pọ̀ ṣì ń rò pé ìjọba fòfin dè é. Ní February 2021 báńkì àpapọ̀, CBN, ní kí àwọn báńkì ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣe é pa, ṣùgbọ́n ní December 2023 wọ́n tú u sílẹ̀, ní 2025 òfin ìdókòwò tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí wá fi sábẹ́ àjọ SEC, òfin kan náà yẹn dárúkọ sọgúndogójì, ó sì fi ẹ̀wọ̀n sí i. SEC to orúkọ àwọn tí wọ́n fún níwèé àṣẹ sórí wẹ́búsáìtì wọn. Ọmọ yín tó ń lo fóònù lè bá yín wò ó kẹ́ ẹ tó yọ kọ́bọ̀.

Èyí tó kù ni ti àwọn ààfáà wa, mo sì ń sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. N'Ílọrin níbí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ á bi yín ni pé ṣé hàláàlì ni àbí hàráàmù. Àwọn onímọ̀ ò sì fẹnu kò. Mùfítí àgbà ilẹ̀ Íjíbítì nígbà náà, Shawki Allam, sọ ní January 2018 pé hàráàmù ni, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ní Indonéṣíà sọ ní November 2021 pé fífi ṣe owó ò tọ́, ṣùgbọ́n ní Màléṣíà, ìgbìmọ̀ ṣàríà tó wà lábẹ́ àjọ ìdókòwò wọn sọ ní 2020 pé èèyàn lè rà á kó sì tà á níbi tí ìjọba ti fọwọ́ sí. Mi ò tó ẹni tó ń dájọ́ sí i. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àwọn ààfáà wa jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ nínú tàfúsírì, torí nígbà ààwẹ̀, ohun tí wọ́n bá sọ ni ìlú máa gbé lọ, ẹlòmíì á gbọ́ pé hàráàmù ni, á fi í sílẹ̀, á wá gbé owó lọ síbi ìlọ́po méjì tó fara jọ òwò, tó jẹ́ pé kò sí onímọ̀ kan láyé tó máa pe ìyẹn ní hàláàlì.

Olóòtú, ohun tí mo ń fẹ́ lọ́wọ́ yín rèé. Ẹ fún wa ní igun kan nínú ìwé ìròyìn, kó má gùn, lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ní Yorùbá tí ìyá mi tó ti lé ní 70 ọdún máa gbọ́, kí ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ ti ọwọ́ ta ló wà, kí ọ̀sẹ̀ kejì jẹ́ ti ọ̀rọ̀ 12 yẹn, kí òmíràn jẹ́ ti féèkì àlẹ́ẹ̀tì. Ẹ má gba ìpolówó ẹnikẹ́ni tó bá ní owó á di ìlọ́po sójú ewé yẹn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ kan bá sì kó owó èèyàn lọ, ẹ wádìí bóyá kọ́ìnì wà níbẹ̀ lóòótọ́ kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ lákọlé pé kírípítò ló jẹ ẹ́. Ẹ bá wa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kí November tó pé, torí December ni wọ́n ń pín àjọ lọ́jà wa, ìgbà náà ni àwọn onísẹ́mínà máa ń dé pẹ̀lú súùtì, kì í sì í ṣe Ìlọrin nìkan, wọ́n ń dé Ọ̀fà, wọ́n ń dé Ajásẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó jẹ́ tíṣà tó fẹ̀yìn tì ní Òmù-Àrán sọ fún mi pé wọ́n ti ń béèrè orúkọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba gratúítì. Ọmọ àbúrò mi ní òun ṣe tán láti bá yín kọ èyí tó bá jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni, èmi náà á máa kà á ṣáájú, èyí tí mi ò bá gbọ́, màá ní kó tún un kọ.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Oníbàtà,
Ọjà Tuntun, Ìlọrin.